Ẹ má fi ohùn iléeṣẹ́ sínú àpò òṣìṣẹ́

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló wà lónìí tó ní ẹ̀ka ní Ìkẹjà, tó ní òmíràn ní Ìbàdàn, tó tún ní ní Òṣogbo àti Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní tẹlifóònù kan ṣoṣo tó lè pè ní tirẹ̀. Bí mánéjà tó wà ní Ìkẹjà bá fẹ́ mọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tó kù ní ilé ìkẹ́rùsí Ìbàdàn, fóònù ara rẹ̀ ni yóò fà yọ. Ẹni tó máa gbé e ní Ìbàdàn, fóònù tirẹ̀ náà ni. Bí owó bá tán lórí fóònù ẹni àkọ́kọ́, yóò kàn fíláàṣì ẹnì kejì. Bí iná bá ti tán lórí fóònù ẹnì kejì, ọjà dúró nìyẹn. Dírẹ́bà tó gbé ọkọ̀ dé yóò jókòó sídìí ọkọ̀, oníbàárà yóò sì bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí oṣù bá parí, olúkúlùkù yóò kó ìnáwó ríṣáàjì káàdì wá síwájú akáúńtáǹtì, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ èyí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi kí ará ilé.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àìsọ̀rọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀ka ló ń jẹ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ níyà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó lè so ẹ̀ka mẹ́rin tàbí mẹ́wàá pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa pe ara wọn bí ẹni tó wà ní yàrá kan sí èkejì, kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́. Gateway ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Àwọn báńkì àtàwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́. Àwọn oníṣòwò tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ló rò pé kò kàn wọ́n, tàbí tí wọ́n rò pé torí àtidín owó ìpè kù nìkan ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀gá iléeṣẹ́ bi ara rẹ̀ ni èyí: ta ló ni nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà fi ń pè é?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé

Kó tó di ọdún 2001, ojú àwọn tó fẹ́ lo tẹlifóònù ní Nàìjíríà rí màbo. Okùn NITEL tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní i lọ́ọ́fíìsì, gbajúmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tẹlifóònù ìgbà náà fi dára: iléeṣẹ́ ló ni ín. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó ìta, ó wà lórí rìsíìtì. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbé e, òun ló sì ń já ìpè sí yàrá ẹni tí wọ́n bá ń wá. Bí akọ̀wé bá fiṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà kì í bá a lọ.

Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ayọ̀ ńlá ni. ₦50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan nígbà náà, síbẹ̀ àwọn èèyàn tò rẹrẹ láti ra síìmù. Nígbà tí Glo dé ní 2003, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó tún bojú wo tẹlifóònù orí tábìlì mọ́. NITEL fúnra rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀, títí tí iléeṣẹ́ NATCOM fi gba dúkìá rẹ̀ ní 2015. Oore ni GSM ṣe fún òwò, kò sí àníàní. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni pé bó ṣe ń mú tẹlifóònù dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ ló ń mú un kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ẹnu ọ̀nà ni orúkọ gateway túmọ̀ sí, iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn. Àpótí kékeré ni, òmíràn kò ju Bíbélì ńlá kan lọ. Ojú ihò mélòó kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń ki tẹlifóònù orí tábìlì bọ̀, FXS ni wọ́n ń pè é. Oríṣi kejì wà fún okùn tẹlifóònù tó ti ìta wọlé, FXO lorúkọ tirẹ̀. Àwọn gateway mìíràn sì ní ibi tí wọ́n ń ki síìmù sí. Èyí tó kù ló ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ìyàtọ̀ yìí kó tó sanwó, torí ẹni tó ra ojú ihò tí kò bá ohun tó ní lọ́ọ́fíìsì mu, owó ẹ̀ẹ̀mejì ló máa san.

Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sínú tẹlifóònù náà, ẹ̀rọ yóò gba ohùn rẹ̀, yóò gé e wẹ́wẹ́, nǹkan bí ègé 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò kọ àdírẹ́sì sára ègé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lápá kejì yóò kó wọn jọ, yóò tò wọ́n bó ṣe yẹ, yóò sì sọ wọ́n di ohùn padà. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n gé ohunkóhun.

Iléeṣẹ́ VocalTec ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì ti gbé ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jáde fún títà láti 1995. Lọ́dún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mark Spencer, tó ní iléeṣẹ́ kékeré kan, rí i pé owó ẹ̀rọ tó ń já ìpè láàárín ọ́fíìsì ju agbára òun lọ. Ó bá jókòó, ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó pè é ní Asterisk, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Kọ̀ǹpútà lásán tó ti pẹ́ díẹ̀ lè gbé ètò yìí. Tí wọ́n bá gbé e sí olú iléeṣẹ́, akọ̀wé tí kì í sùn ni, yóò máa sọ fún ìpè kọ̀ọ̀kan ibi tó máa gbà.

Nọ́ńbà wá di ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Ìkẹjà lè bẹ̀rẹ̀ láti 101, Ìbàdàn láti 201, Òṣogbo láti 301, Àkúrẹ́ láti 401. Oníbàárà tó pe ẹ̀ka Àkúrẹ́, tó sì fẹ́ bá ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó ní Ìkẹjà sọ̀rọ̀, kò ní gba nọ́ńbà mìíràn kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Àkúrẹ́ yóò já a sí Ìkẹjà lójú ẹsẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè fi í kún un. Wọ́n ti ń palẹ̀ tẹlifóònù onílà àtijọ́ mọ́ ní Bìrìtìkó, íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. BT ti fi òpin oṣù kìíní ọdún 2027 ṣe gbèdéke.

Ìṣirò tó yẹ kí akáúńtáǹtì ṣe

Ká ní ẹ̀ka mẹ́rin ni iléeṣẹ́ kan ní. Ká ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fi wákàtí méjì pe àwọn ẹ̀ka tó kù lóòjọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù. Ìṣẹ́jú 10,560 nìyẹn. Tí ìpè bá jẹ́ ₦15 ní ìṣẹ́jú kan, ₦158,400 ni yóò lọ lóṣù, tí yóò sì di ₦1,900,800 lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ owó tí iléeṣẹ́ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oníbàárà kò sí níbẹ̀.

Tí ìpè kan náà bá gba orí gateway, tí ohùn sì ń lọ bó ṣe já gaara jù, ìṣẹ́jú kan yóò jẹ nǹkan bí 1.2 MB ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè, àti iye kan náà ní ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè. Ìṣẹ́jú 10,560 yóò jẹ nǹkan bí 25 GB. Tí 1 GB bá jẹ́ ₦500, gbogbo rẹ̀ kò tó ₦13,000. Iléeṣẹ́ tó sì ti ń san owó íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò ní gbèdéke lóṣooṣù kò ní fi kọ́bọ̀ lé e.

Lóṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń darí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn. Lóòótọ́, dátà náà wọ́n sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan méjì bá jọ wọ́n, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ṣì ni èyí tó kéré jù. Ó tún yẹ kí ìṣirò ka owó ẹ̀rọ, owó ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ àti owó bátìrì mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ kì í pera wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lóòjọ́ kò ní rí èrè kankan níbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún un.

Ẹni tó ni nọ́ńbà ló ni oníbàárà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Òṣìṣẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́fà ta ọjà fún iléeṣẹ́, orí fóònù rẹ̀ ni orúkọ gbogbo oníbàárà wà. Ọjọ́ tó bá lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ sí ìsọdá títì, kò jí nǹkan kan gbé. Nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n ń pè, òun náà ló sì ń gbé e. Iléeṣẹ́ tó sanwó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Ó tún burú sí i láti oṣù kejìlá ọdún 2020, tí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Ọ̀gá tó fi owó iléeṣẹ́ ra síìmù, ṣùgbọ́n tó ní kí òṣìṣẹ́ lọ fi NIN ara rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nọ́ńbà náà fún òṣìṣẹ́. Tí ìjà bá dé lọ́la, orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Orúkọ iléeṣẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, inú gateway tàbí ìkáwọ́ iléeṣẹ́ ló sì yẹ kí síìmù náà máa gbé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀gá nìkan ni yóò jàǹfààní. Òṣìṣẹ́ tó ń fi fóònù ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò ní ìsinmi. Oníbàárà ń pè é ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ń pè é nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, owó ríṣáàjì tirẹ̀ ló ń jó, ó sì di ìgbà tí akáúńtáǹtì bá rọ́wọ́ kó tó rí i gbà. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, iṣẹ́ parí nìyẹn.

WhatsApp ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ yóò ní kí ló dé tí wọn kò kàn lo WhatsApp, tó ti ń gbé ìpè láti 2015 láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì, tí èèyàn méjì péré ń bójú tó wọn, WhatsApp tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ka bá di mẹ́ta mẹ́rin, tí òṣìṣẹ́ bá ti tó ogún, àìtó rẹ̀ yóò yọ síta. Orí nọ́ńbà ẹnìkan ló ń gbé, kò yàtọ̀ sí wàhálà síìmù. Kò ṣeé já láti yàrá kan sí èkejì bí ìpè ọ́fíìsì. Ọ̀gá kò sì lè mọ iye ìpè tó wọlé lónìí tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ètò gateway ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó pè, aago tó pè, bó ṣe pẹ́ tó. Iléeṣẹ́ tó bá tún fẹ́ máa ká ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún un, torí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ nìkan lòun máa rà, kí òun sì lọ sùn, ẹkún ló máa sun. Nǹkan mẹ́rin ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìpè kan tó já gaara ń fẹ́ nǹkan bí 80 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá ní lílọ, àti 80 ní bíbọ̀. Tí wọ́n bá fún ohùn pọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní G.729, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 24. Kò pọ̀. Ohun tó ń dààmú rẹ̀ ni ìdúró àti ìkọsẹ̀. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, sọ pé kí ohùn má lò ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó dé etí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Sátẹ́láìtì àtijọ́ tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ń lo nǹkan bí 250. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó lo VSAT láyé ọjọ́un fi máa ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Okùn fáíbà ló dára jù. Níbi tí kò bá dé, sátẹ́láìtì tuntun tó ń fò nísàlẹ̀ gan-an, irú Starlink tó dé Nàìjíríà ní 2023, sàn ju ti àtijọ́ lọ. Kí wọ́n sì ṣètò router kó máa jẹ́ kí ohùn kọ́kọ́ kọjá, bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń yà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà lè ba ọ̀rọ̀ ọ̀gá jẹ́.

Níbi kan náà, kí wọ́n bèèrè ibi tí ètò tó ń darí ìpè máa wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Iléeṣẹ́ tó gbé ètò ìpè rẹ̀ sí òkè òkun fi ọ̀rọ̀ tí Ìbàdàn fẹ́ bá Ìkẹjà sọ sínú ewu òkun. Láti 2006 ni IXPN ti wà, ibi tí àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé kí ọ̀rọ̀ abẹ́lé má baà rìnrìn àjò lọ ìdálẹ̀ kó tó padà wálé. Ẹ bi ẹni tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín bóyá ó wà níbẹ̀.

Ìkejì ni iná. Tẹlifóònù NITEL máa ń gba iná láti ara okùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dún nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn. Gateway kò rí bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ, tó jẹ́ pé ó di ìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ìpè tó wà lórí rẹ̀ ti já. Ẹ̀rọ náà àti router rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà bátìrì àti inverter kékeré tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ka ló gbọ́dọ̀ ní in, kì í ṣe olú iléeṣẹ́ nìkan.

Ìkẹta ni olè. Àwọn ọ̀daràn wà káàkiri ayé tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá ètò tẹlifóònù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá rí èyí tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ 1234, wọn yóò dúró di òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀, wọn yóò sì fi í pe nọ́ńbà olówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí àwọn fúnra wọn ti ń pín nínú owó náà. Ọjọ́ Ajé ni iléeṣẹ́ yóò tó mọ̀. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tó le sí i, ẹ ti ìpè sí òkè òkun pa àyàfi fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ìpè láàárín ẹ̀ka gba inú ọ̀nà àdáni tí wọ́n ń pè ní VPN.

Ìkẹrin ni òfin. Kí iléeṣẹ́ máa fi gateway bá ẹ̀ka ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn yàtọ̀. Kí ó máa gba ìpè àwọn ẹlòmíràn láti òkè òkun, kó máa fi síìmù ìbílẹ̀ bò ó lójú kó sì máa gbowó lórí rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni, NCC kì í sì í fojú kékeré wo irú rẹ̀. Ẹni tó bá wá fi irú èrè bẹ́ẹ̀ lọ̀ yín, ẹ lé e jáde.

Ibi tó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀

Kò sí ìdí láti gbé gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹ so ẹ̀ka méjì pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lò ó fún oṣù kan, ẹ wo bí ohùn ṣe rí lọ́sàn-án tí iṣẹ́ pọ̀ àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ fi síìmù kan tàbí méjì tí wọ́n fi orúkọ iléeṣẹ́ gbà sínú rẹ̀, kí ìpè lè gba ibẹ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dákú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi àwọn ẹ̀ka tó kù kún un.

Ohun ìkẹyìn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù àti bó ṣe tò ó sínú ìwé, kó fà á lé iléeṣẹ́ lọ́wọ́, kí òṣìṣẹ́ kan tó kéré tán sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kó tó gba ìyókù owó rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n kàn mú ohùn iléeṣẹ́ kúrò nínú àpò òṣìṣẹ́ bọ́ sínú àpò onímọ̀ ẹ̀rọ, ọjọ́ tí òun náà bá sì bínú, inú òkùnkùn kan náà ni ọ̀gá yóò bá ara rẹ̀.

Oníṣòwò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, tó ń ka owó inú àpótí lálaalẹ́, tó sì ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí báńkì, kò yẹ kó fi nọ́ńbà tí gbogbo ọjà rẹ̀ ń gbà kọjá sílẹ̀ fún ẹni tó lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.